Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Kì í Gbé Agbárí

Ìpolówó oògùn kan ni mo gbọ́ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọkùnrin tó ń kà á mọ̀rọ̀ sọ, ohùn rẹ̀ já gaara, àfi ìgbà tó dé ibi tó ti ní oògùn náà yóò fọ “ikùn imú” mọ́ tónítóní, yóò sì kó gbogbo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti dì sí agbárí jáde. Ikùn imú! Imú wo ló níkùn, oúnjẹ wo ló sì ń jẹ? Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ “ikun imu” síwájú rẹ̀ láìfi àmì sí i, ó sì kà á bó ṣe wá sí i lẹ́nu. Ikun, ikùn, ikún: ọ̀kan ń ti imú jáde, ọ̀kan ń gba ẹ̀bà, ọ̀kan ń jọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rèdí. Ẹni tó kọ̀wé fún ọmọ náà ló jẹ̀bi jù, n kò ní í bá a fa èyí púpọ̀.

Agbárí yẹn ni n kò lè gbójú fò. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í gbé agbárí, kò sì gbé ibẹ̀ rí. Yorùbá kò fi ibùgbé rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: láti inú àyà ló ti ń gòkè wá, ọ̀fun la ti ń ha á. À ń fọn ikun, à ń ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀, à ń tu itọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta fún ohun mẹ́ta, nítorí ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ní òun fọn kẹ̀lẹ̀bẹ̀, gbogbo ọjà ni yóò yíjú wò ó.

Níbo wá ni agbárí ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ìgbàgbọ́ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ni. Wọ́n gbà pé inú ọpọlọ ni omi yíyọ̀ náà ti ń ṣàn wálẹ̀ sínú imú àti ọ̀fun. Orúkọ tí wọ́n fún àìsàn tí ìyẹn ń fà, “ìṣànwálẹ̀” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òun ni àwọn Òyìnbó jogún, òun náà sì ni àwa gbà lọ́wọ́ wọn tí a sọ di kátà. Ọdún 1660 ni dókítà ará Jámánì kan, Conrad Victor Schneider, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Wittenberg, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí ọ̀ràn yìí. Ó fi hàn pé kò sí ojú ihò tí omi ọpọlọ lè gbà dénú imú. Awọ tó bo inú imú fúnra rẹ̀ ló ń sun ikun. Ó ti lé ní 300 ọdún tí wọ́n ti yanjú ẹjọ́ yẹn, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì wa tún un dá ní èdè Yorùbá.

Ní ti kátà fúnra rẹ̀, ó ti borí. Mo ti jà á títí. Ọ̀fìnkìn ni mo bá lẹ́nu àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ tó dùn, tó ń ti imú dún bí ẹ ti ń pè é. Ṣùgbọ́n lónìí, ìyá arúgbó tí kò mọ A yàtọ̀ sí B yóò ní “kátà ń yọ mí lẹ́nu” láìwo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí ìyá arúgbó bá ti gbà ti di ọmọ ilé. Kí kátà máa jókòó sínú imú ní tirẹ̀, kó má ṣáà fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gòkè lọ bá a.

Ẹ jẹ́ ká wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn ni, bó ti wù kó rí lójú. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀-orúkọ wa àtijọ́, fáwẹ́lì ló ṣíwájú wọn: imú, ọ̀fun, àyà, èémí, ikun, itọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò bá wọn tò. Àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń fi ìró yàwòrán nǹkan ló jọ, àwọn bíi pẹ̀lẹ̀bẹ̀, rọ̀bọ̀tọ̀ àti gbàgàdà. Ẹ sì mọ̀ pé nínú agbo yẹn, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti ohun tó tóbi tàbí tó wúwo, ohùn òkè ni ti èyí tó kéré: pẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, fáwẹ́lì kan náà ló sì gbà á já látòkè délẹ̀. Ikun fúyẹ́ lẹ́nu, ó ń ṣàn lọ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nípọn, ó ń fà. Lójú tèmi, etí ni ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ fi wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n náà sì pé.

Àwọn tó fi maikirosíkóòpù wo ibi tó ti ń wá rí nǹkan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka ìròyìn ìlera mọ̀. Ọ̀nà èémí sọ̀kalẹ̀ láti gògóńgò wọ inú àyà, eegun rírọ̀ tó tó 16 sí 20 ló sì ká a mọ́ kó má bàa pa pọ̀. Bí ẹ bá wo awọ inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì gígùn ló dúró tira wọn níbẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn lorí wọn yọ sókè. Nínú àwọn tó yọ, ọ̀pọ̀ ló hu irun wínníwínní, nǹkan bí 200 lórí sẹ́ẹ̀lì kan, kò sì sí èyí tó gùn tó ìdá kan nínú 100 mìlímítà. Láàárín wọn ni àwọn mìíràn wà tí kò nírun, tí inú wọn kún fún omi yíyọ̀; àwọn wọ̀nyí ló ń tú u jáde, àwọn ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ awọ sì ń tì wọ́n lẹ́yìn. Eruku tí a fà símú, kòkòrò àìsàn, èéfín, orí omi yíyọ̀ yẹn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́.

Àwọn irun náà kì í sinmi. Ìgbà mẹ́wàá sí ogún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òkè ni gbogbo wọn sì ń jù sí. Bí àwọn lébìrà ṣe máa ń na páànù kọnkéré síra wọn lọ́jọ́ dẹ́kìn, látìsàlẹ̀ títí dé òkè ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹrù náà fúnra wọn títí yóò fi dé gògóńgò. Ọdún 1834 ni Jan Purkinje àti Gabriel Valentin ṣàkíyèsí irun tó ń jù yìí lára àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú, ní ìlú Breslau. Nígbà tí ara bá le, a ń gbé ohun tó bá gòkè mì tọ̀sán tòru láìmọ̀. Ìgbà tó bá pọ̀ jù, tàbí tó bá ki, tó wá di pé a ní láti ha á, ni a tó pè é ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Sìgá àti èéfín igi ìdáná ń pa àwọn irun wọ̀nyí lára. Bí irun bá ti ń dín kù ni sẹ́ẹ̀lì tó ń tú omi yíyọ̀ ń pọ̀ sí i. Ikọ́ nìkan ló kù tí yóò máa gbé ẹrù náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí amusìgá fi máa ń ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tún ní ààlà nísàlẹ̀. Ọ̀nà èémí a máa pín sí méjì-méjì ní nǹkan bí ìgbà 23 kó tó dópin. Bó ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú omi yíyọ̀ ń tán, irun náà a sì tán. Ohun tó wà lópin ni àwọn àpò èémí, tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2004 ṣírò wọn sí nǹkan bí 480 mílíọ̀nù lára àgbàlagbà. Marcello Malpighi ti Bologna ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa wọn ní 1661. Títí dìgbà náà, ẹran lásán ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù pe ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn alápatà wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí ẹ bá ju fùkù sómi, yóò léfòó, ẹ̀dọ̀ yóò sì rì. Awọ tó wà láàárín afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ kò nípọn tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà. Ohun kan ló bo inú àpò náà tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má pe ìyẹn ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀: Mary Ellen Avery àti Jere Mead fi hàn ní 1959 pé àìtó rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lè mí. Bí omi àti ọyún bá kún ibẹ̀, òtútù àyà ti dé nìyẹn.

Kì í ṣe torí ẹwà èdè nìkan ni mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n a na ike kékeré sí ẹni tó ń wúkọ́, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife. Nọ́ọ̀sì tí ojú ń tì láti pe kẹ̀lẹ̀bẹ̀ níwájú àgbà á ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tutọ́ sínú rẹ̀.” Bàbá gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n gbọ́: wọ́n tutọ́. Abẹ́ ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni itọ́ ti ń wá. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni kòkòrò tí Robert Koch ṣàwárí ní 1882 ń gbé. Àyẹ̀wò itọ́ lè má rí nǹkan kan, Bàbá á padà sílé, wọn á sì máa kó o ran àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí láìfi àmì sí i, “ito,” ẹlòmíràn lè tọ̀ sínú ike náà, kò sì ní í jẹ̀bi.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èébú. Ẹ wí pé, “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ wúkọ́ látinú àyà, kí ẹ ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike yìí, a kò fẹ́ itọ́.” Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ fi àmì sórí ohun tí ẹ bá fẹ́ kà. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, kó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ikọ́ ife níbẹ̀.