Orúkọ Ọmọ Ṣáájú Orúkọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́, àti ní àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà láàárín méjèèjì, ẹ kú oríire. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, agbègbè yìí náà ni mo sì ti ṣe é. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2016, àwọn agbébọn wọ Babington Macaulay Junior Seminary ní Ìkòròdú, wọ́n sì kó ọmọbìnrin mẹ́ta lọ. Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ni wọ́n tó gbà wọ́n padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó kan Lagos State Model College ní Igbóńlá, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni wọ́n kó níbẹ̀. Oṣù náà kò tíì parí tí wọ́n fi padà wálé, gbogbo wa sì mí kanlẹ̀. Àfi bí àwọn ajínigbé tún ṣe padà sí Igbóńlá yẹn kan náà ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ọmọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n kó lọ lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ 28 oṣù keje ni wọ́n sì tó tú wọn sílẹ̀. Ẹ kà á, ọjọ́ 64 ni.

Nígbà tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, nǹkan méjì ni yóò máa pe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: orúkọ ọmọ àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo ìmọ̀ràn mi dá lórí èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ dá lóhùn.

1. Ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ. Ọ̀gá tó bá sáré lọ sọ fún àwọn aláṣẹ pé “ọmọ mẹ́fà la ò rí” kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ìdajì. Ó yẹ kó lè sọ pé lágbájá ọmọ lágbájá ni, pé ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, pé oògùn rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, pé ìyá rẹ̀ ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, pé bàbá rẹ̀ ti kú, àti pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ pè. Àwọn tó ń wá ọmọ náà nílò gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì fi í sí orí ẹnì kan ṣoṣo. Ní Igbóńlá lọ́dún 2016, igbákejì ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ibi tí ìwé orúkọ wà ńkọ́? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìwé yẹn ni ojú tí ẹ máa fi ríran, nítorí náà ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí tí ara ṣì rọ̀.

2. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má fi WhatsApp sọ fún ìyá kankan pé ẹ ò rí ọmọ rẹ̀. Bí ilé rẹ̀ kò bá jìnnà, ẹ lọ bá a níbẹ̀. Bó bá jìnnà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pè é, kí ẹ má rán akọ̀wé. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ èyí tí ẹ kò tíì mọ̀, kí ẹ wá dákẹ́ kó lè rí àyè sunkún. Ẹnu lè máa yún yín láti sọ pé “kò séwu”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á mọ́ra. Òbí lè dárí ji ọ̀gá tí kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé ẹni tó parọ́ fún un lọ́jọ́ náà.

Mo máa ń ronú nípa ọjọ́ 64 yẹn. Àwọn ọmọ náà kò tíì lo ju ọjọ́ méjì lọ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé tí ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún fi dé. Ọjọ́ àwọn ọmọdé ni, ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó pé ọdún 50 ni, ọjọ́ náà sì ni ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí Ẹ̀pẹ́ ṣe máa ń rí nínú ààwẹ̀. Àwọn ìyá kan jí sáàárì láìní ọmọ tí wọ́n máa jí. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ dé, ó kọjá, oṣù kan gbáko ṣì tún wà níwájú wọn. Ta ló ń bá irú òbí bẹ́ẹ̀ jókòó ní ọjọ́ kejìlélógún, nígbà tí oníròyìn ti lọ, tí àwọn àlejò jàǹkàn náà sì ti lọ?

Ẹ̀yin ni. Ẹ yan aago kan, bíi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa wà ní yàrá kan tó ní àga àti omi lójoojúmọ́. Bí ìròyìn kò bá sí, ẹ sọ pé kò sí, kí ẹ tún wà níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ọ̀la. Bí wọ́n bá fi ìbínú jáde sí títì, ẹ má pè wọ́n ní ọ̀tá ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ wọn ni wọ́n ń wá.

3. Ẹnì kan ni kó máa bá oníròyìn sọ̀rọ̀, kó sì sọ̀rọ̀ níwọ̀n. Ẹ má fi àwòrán ọmọ síta láìbéèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀.

4. Àwọn olùkọ́ náà ní àyà tó ń já. Lẹ́yìn irú ọ̀ràn yìí, gbogbo ènìyàn á máa bi àwọn ọmọ pé báwo ni ara wọn, kò sì sẹ́ni tó máa rántí obìnrin tó ń dáná, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, tàbí olùkọ́ tó gbọ́ ìró ìbọn tó sì ní láti kọ́ni ní ìṣírò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi, ẹ fún un, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojo ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ máa fura sí jẹ́ máígádì, kìkì nítorí pé òun ni kò ní ẹni tó máa gbèjà rẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà ìjínigbé nìkan ni olùkọ́ nílò ẹni tó máa rántí rẹ̀. Nígbà tí Kòrónà dé, tí ìpínlẹ̀ Èkó ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020, ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ni àwọn ọmọ SS3 tó padà sí kíláàsì. Nínú oṣù wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni kò rí owó oṣù gbà. Mo mọ àwọn kan tó di ẹni tó ń ta búrẹ́dì káàkiri. Ọ̀gá tí kò lówó lọ́wọ́ ṣì lè pe olùkọ́ rẹ̀ lórí fóònù, kó bi í pé kí ló jẹ. Àwọn tí wọ́n pè nígbà náà kò gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

5. Èyí ni mo fi ojú ara mi kọ́, ó sì ń dùn mí títí dòní. Lọ́dún 2017, àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń da Ìkòròdú láàmú. Wọ́n ń wọlé onílé lóru, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí ẹni tó sùn, nígbà mìíràn bàbá, ìyá àtọmọ. Àwọn ọkùnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́de lóru. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà nígbà náà, mo tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé kí ọmọ kankan má pẹ́ dé, torí pé a lórúkọ rere lórí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó bàjẹ́. Ọmọ kan ń pẹ́ dé, bó bá sì dé tán, oorun ni yóò máa sùn. Mo ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Ọjọ́ kẹta ni olùkọ́ kan wá sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé bàbá ọmọ yìí máa ń jáde lọ ṣọ́de, ìyá rẹ̀ ń tọ́mọ lọ́wọ́, òun tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ọmọ ló ń jókòó ti ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Mo pè é. Mo bẹ̀ ẹ́, níwájú kíláàsì tó ti rí i tó kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a tẹ́ ẹní sí yàrá kan, ọmọ tí kò bá sùn lóru lè fi wákàtí àkọ́kọ́ sùn níbẹ̀. Àwọn kan ní mo ti ba ìlànà jẹ́. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló sùn síbẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ìlú bá ń mì, ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó jẹni níyà.

6. Bí ọmọ bá padà wá, ẹ má gbé e sórí pèpéle fún ìdúpẹ́. Mo mọ̀ pé ayọ̀ ló ń fà á, mo sì mọ̀ pé ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run. Ẹ ṣe ìdúpẹ́ náà láìfi ọmọ hàn. Ẹ kìlọ̀ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má bi í pé “kí ni wọ́n ṣe fún yín nínú igbó?” Ó lè sọ ọ́, ó lè má sọ ọ́ láé, òun ló ni ín. Ẹ jẹ́ kó yan ibi tó máa jókòó sí nínú kíláàsì, àwọn mìíràn á fẹ́ ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ẹ má fi ìdánwò lé e lórí kíákíá. Bí òbí rẹ̀ bá fẹ́ mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ fọ̀yàyà kọ ìwé ìkúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn lọ́jọ́ kan náà. Níbí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti máa ń ṣìnà, wọ́n á rò pé ọmọ tó lọ ti ba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́.

7. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín yí ọgbà ká, pàápàá lápá ẹ̀yìn. Igbó, àbàtà àti omi ọ̀sà ló yí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ká láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà omi yẹn sì lọ títí dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ. Odi ṣe pàtàkì, ẹ bá ìjọba jà títí wọ́n á fi mọ ọ́n ga. Ṣùgbọ́n odi kò lẹ́nu. Baálẹ̀ lẹ́nu, ìyá tó ń ṣa igi ìdáná lẹ́yìn ọgbà lẹ́nu, apẹja tó ń na àwọ̀n lówùúrọ̀ á ti rí ọkọ̀ ojú omi tí kò mọ̀ kí ọlọ́pàá tó gbọ́. Ṣé wọ́n mọ̀ yín? Ṣé wọ́n ní nọ́ńbà yín? Bóyá ọmọ apẹja yẹn gan-an wà ní JS1 yín. Ẹ wo rẹ́jísítà, ẹ wá orúkọ rẹ̀, kí ẹ lọ kí bàbá rẹ̀ lọ́la kó tó gbéra lọ sódò.