Àpótí Ìmọ̀: Ọ̀la Tẹlifíṣọ̀n Ìbílẹ̀

Ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1959, ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Nísinsìnyí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń gbọ́ ìròyìn kí ìròyìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ti NTA tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé tẹlifíṣọ̀n ti fẹ́ kógbá wọlé nìyẹn? Rárá o. Ètò dìjítà lè fún un lókun. Ní ti àtijọ́, ìkànnì kan ṣoṣo ló ń gba ojú ọ̀nà kan lójú afẹ́fẹ́. Dìjítà lè kó ìkànnì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sójú ọ̀nà kan náà, àwòrán á sì mọ́ kedere. Ẹni tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ti pẹ́ yóò ra dẹ̀kódà kékeré kan mọ́ ọn. Oṣù Òkúdù 2015 ni gbèdéke tí ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, fún wa láti bọ́ sórí dìjítà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò bá a. Ìlú Jos la ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016. Ó dé Òṣogbo ní 2018, ó sì dé Èkó ní 2021. Ìfàsẹ́yìn yìí dun ni púpọ̀.

Owó ni ìṣòro tó le jù. Dísẹ̀lì tó ń gbé ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ wọ́n, àwọn olùpolówó ọjà sì ń kó owó wọn lọ sọ́dọ̀ Google àti Facebook. Síbẹ̀, bí afárá bá já ní Ṣakí, iléeṣẹ́ tó wà nítòsí ló yẹ kó rán akọ̀ròyìn lọ síbẹ̀, kó sì bi alága ìjọba ìbílẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ lójú kámẹ́rà. Àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń gbé ìròyìn Yorùbá wọn sórí YouTube, níbi tí àwọn ọmọ wa ní London náà ti lè wò ó.