Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ń Gbọ́ Àyẹ̀wò Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí kò mọ sọ́dọ̀ ọba àti ìjòyè tí ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ogún nìkan; ó kan ẹnikẹ́ni tí yóò fi ẹ̀rí ẹlòmíràn ṣe ìpinnu, pàápàá nígbà tí owó ńlá bá rọ̀ mọ́ ìpinnu náà. Láyé òde òní, ọmọ Ìta Fájì ní Èkó tó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù kì í ṣàdédé wọ mọ́tò lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Otigba ní Ìkẹjà. Yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn olùyẹ̀wò nílé lóko ń sọ nípa ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ohun tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní processor. Ẹlẹ́rìí ni gbogbo àwọn olùyẹ̀wò wọ̀nyí, ẹni tí yóò náwó ni adájọ́. Bí adájọ́ kò bá sì mọ bí a ti í wádìí ẹnu ẹlẹ́rìí, ara rẹ̀ gan-an ni yóò dá lẹ́bi níkẹyìn.

Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, arómisá lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, kò ṣe àjèjì sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìyá àgbà tó fẹ́ ra gààrí lọ́jà: kó tó jẹ́ kí wọ́n bù ú sínú kóńgò, yóò gba kóńgò náà, yóò dorí rẹ̀ kodò, yóò fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wò, nítorí ó mọ̀ pé kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú yóò jẹ nínú gààrí oníbàárà, ì báà kún dẹ́nu kó sì ga lórí bí òkìtì. Kò bá ọlọ́jà jà, kò sì bú u. Ìdí òṣùwọ̀n ló wò. Òṣùwọ̀n ni àyẹ̀wò ọpọlọ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, nọ́ńbà tó kún dẹ́nu kò sì tó ohun tí à ń gbà láìwo ìdí rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wádìí ni ẹni tó sanwó fún àyẹ̀wò. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọjà kò sì ṣeé fi ṣe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo lórí ọjà náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, nígbà tí Intel, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń múra àtigbé Core i9-9900K jáde, ó gbé iṣẹ́ fún Principled Technologies, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń háyà fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n fi ọjà tuntun náà wé Ryzen 7 2700X tí AMD tí ń bá a du ọjà ṣe, kí wọ́n sì fi eré orí kọ̀ǹpútà dán àwọn méjèèjì wò. Èsì jáde, ó sì dà bí ẹni pé Intel ti fi ẹ̀yìn AMD balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò mìíràn tú iṣẹ́ náà wò, wọ́n rí i pé ètò kan tí ń jẹ́ Game Mode ni wọ́n ṣí lórí ẹ̀rọ AMD, ètò tí ń pa mẹ́rin nínú core mẹ́jọ, ìyẹn ẹ̀ka tí ń ṣiṣẹ́ gan-an, tí ọpọlọ náà ní, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun èlò ìtutù tí wọ́n fi sórí ti Intel lágbára ju èyí tó wà lórí ti AMD. Ariwo ta, Principled Technologies tún ìdánwò ṣe, ó sì gbé èsì tuntun jáde: Intel ṣì ṣáájú, àmọ́ àlàfo àárín wọn ti dínkù. Ẹ jẹ́ ká ṣe òtítọ́ sí wọn pẹ̀lú, torí pé wọ́n kọ bí wọ́n ti to ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fáyé rí ni àṣìṣe náà fi hàn. Olùyẹ̀wò tó ṣàṣìṣe lójú gbogbo ènìyàn sàn ju ẹni tó gbé nọ́ńbà kalẹ̀ tí kò sì sọ bó ṣe rí i.

Ẹ má sì rò pé owó nìkan ni ń yí ẹ̀rí padà. Bẹ́nu bá jẹ, ojú a tì. Ó ti di àṣà kí àwọn tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà fi ọjà tuntun ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó dé ọjà, kí wọ́n sì fi ìwé ìtọ́ni kún un, tó ń sọ ìdánwò tó yẹ kó ṣe. Gbígbà á kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá gbà á kò ní rí nǹkan sọ lọ́jọ́ tí ọjà bá jáde. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kó sọ pé òun gbà á. Ẹ wá padà sẹ́yìn, ẹ wo ohun tí olùyẹ̀wò náà ti sọ nípa àwọn ọjà mìíràn: bí kò bá tíì rí èyí tí kò dára rí, akéde ni, kì í ṣe olùyẹ̀wò.

Ohun kejì ni irinṣẹ́ ìdánwò fúnra rẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n lè ṣe ojúsàájú kí ẹni tó mú un lọ́wọ́ má sì mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìṣòwò òdodo, pe Intel lẹ́jọ́. Lára ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé compiler tí Intel ṣe, ìyẹn èlò tí ń sọ ohun tí àwọn tó ń kọ ètò bá kọ di èdè tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà gbọ́, kì í jẹ́ kí ètò yára lórí ọpọlọ ẹlòmíràn bó ti ń yára lórí ti Intel. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, ó sì wà nínú àdéhùn pé Intel gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ fún àwọn tó ń lo èlò náà. Àwọn oníṣẹ́ fóònù pẹ̀lú ní tiwọn: ní ọdún 2013, AnandTech, ìkànnì ìròyìn ẹ̀rọ kan, fi hàn pé irú Samsung Galaxy S4 kan dá àwọn ètò ìdánwò mọ̀, bó bá ti rí wọn, ẹ̀ka tí ń ya àwòrán nínú ọpọlọ rẹ̀ a sáré dé 533 MHz, ṣùgbọ́n 480 MHz ló fi ń ṣe eré tí oníbàárà ń ṣe lójoojúmọ́. Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àmọ́ ẹni tó ti náwó kí ọjọ́ náà tó pé kò ní rí i gbà padà. Nítorí náà ni wọ́n fi ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹ gbọ́ ẹnu olùyẹ̀wò mẹ́ta tí wọn kò jọ lo irinṣẹ́ kan náà, kí ẹ tó gbà pé ohun kan rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí àwòrán òpó tí wọ́n fi ń fi èsì hàn, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí òpó. Bí èyí kan bá gba máàkì 100, tí èkejì gba 96, máàkì mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá bẹ̀rẹ̀ òpó láti 90 dípò òdo, ọ̀kan yóò ga ní ìwọ̀n mẹ́wàá, èkejì ní mẹ́fà, ojú yóò sì rí ìyàtọ̀ tí ọwọ́ kò lè rí lẹ́nu iṣẹ́.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sórí tábìlì ló ní sítíkà lára, ọlọ́jà yóò sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, i7 ju i5 lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jóòótọ́ bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ìran kan náà. Ṣùgbọ́n core méjì ni Core i7-7500U tó jáde ní ọdún 2016 ní, mẹ́rin sì ni ti Core i5-8250U tó jáde ní ọdún 2017. Ẹni tó bá ka 2.7 GHz lára i7 yìí, tó ka 1.6 GHz lára i5, yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò mọ̀ pé ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àti pé nígbà tí iṣẹ́ bá le, i7 yìí lè dé 3.5 GHz, i5 náà lè dé 3.4 GHz. Lórí iṣẹ́ tí core kan ṣoṣo ń ṣe, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Lórí iṣẹ́ tí gbogbo core ń pín ṣe, bíi títo fídíò ìgbéyàwó pọ̀, i5 ni yóò ṣáájú. Nítorí náà, kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager yóò ṣí, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ ó rí orúkọ ọpọlọ náà lókè àti iye core rẹ̀ nísàlẹ̀. Sítíkà ṣeé lẹ̀ mọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun kẹta, tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, ni pé àyẹ̀wò tó jẹ́ òdodo lè máà jẹ́ tiyín. Inú yàrá tútù, lórí iná tí kì í lọ, ni ọ̀pọ̀ olùyẹ̀wò ilẹ̀ òkèèrè ti ń ṣiṣẹ́; yàrá yín ní Ìta Fájì lè gbóná ju 30°C lọ́sàn-án, iná sì lè lọ kí ẹ tó fi bátìrì parí iṣẹ́. Ọpọlọ láptọ́ọ̀pù tó bá gbóná jù a máa dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná, púpọ̀ nínú wọn sì ń dín in kù bí a bá ti yọ ṣájà. Ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọ ẹni lọ́lẹ: ẹ gbé iṣẹ́ tiyín gan-an lọ sí ìsọ̀, ẹ yọ ṣájà, ẹ jẹ́ kó ṣe é fún ààbọ̀ wákàtí lójú yín. Ìwọ̀n eku sì ni ìwọ̀n ìtẹ́. Akọ̀wé tí ń tẹ lẹ́tà kò nílò ohun tí ẹni tó ń to fídíò nílò, kò sì sí ìdánwò eré tó lè sọ èyí fún un.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. AnandTech tó tú àṣírí ọdún 2013 yẹn, tó sì ti wà láti ọdún 1997, kógbá sílé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Olóòtú rẹ̀ sọ nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére pé ọjà ìròyìn ẹ̀rọ tí a ń kọ sílẹ̀ kò rí bí ti àtijọ́ mọ́. Bí àwa òǹkàwé bá ń sá fún àlàyé gígùn, tí a sì ń pe olùyẹ̀wò ní òṣìkà kìkì nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí a fẹ́ràn kò borí, ẹ má jẹ́ kó yà wá lẹ́nu bó bá ku ariwo nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì yọ ẹni tó ti rà sílẹ̀, nítorí ní àdúgbò wa, aládùúgbò ni wọ́n ń bi léèrè kí wọ́n tó bi àjèjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fi ń ṣe, iye tí ẹ rà á, ìgbà tí ẹ ti ń lò ó, àti ibi tó kù sí. Bí ọlọ́jà bá ṣèlérí owó fún yín lórí oníbàárà tí ẹ bá mú wá, ẹ sọ ìyẹn náà. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ẹni tó sì yin ẹ̀rọ burúkú fún ọmọ ìyá rẹ̀ torí èrè kékeré ti tà á lọ́pọ̀ ná.