Ibi Tí Gẹ̀ẹ́sì Ti Ń Dá Ọmọ Wa Dúró

Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ti mọ gírámà kó tó dé ilé ẹ̀kọ́. Bó bá sọ pé "Adé ra iṣu," Adé ni olùwà, rà ni ọ̀rọ̀-ìṣe, iṣu ni àbọ̀. Bákan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tò wọ́n: "Ade bought yams." Apá yìí kì í yọ ọmọ lẹ́nu. Wàhálà wà níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè ohun tí Yorùbá kì í béèrè. Òbí tó bá mọ àwọn ibi wọ̀nyí lè jókòó ti ọmọ nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá, kódà bí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò bá tíì jinlẹ̀.

Ta ni "ó"?

"Ó ti dé." À ń sọ ọ́ fún ọmọkùnrin, fún ọmọbìnrin, fún ajá, fún ọkọ̀ èrò. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọkùnrin ni "he", obìnrin ni "she", nǹkan tàbí ẹranko ni "it". Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń sọ pé "My mother, he is in the kitchen." Ó mọ̀ pé obìnrin ni ìyá òun. Èdè ìyá rẹ̀ ni kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí, nítorí náà ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Yorùbá náà ní ìbéèrè tirẹ̀: ta ni àgbà? Bí bàbá bá dé, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ á ní "wọ́n ti dé." Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé ọ̀wọ̀ yìí wọnú Gẹ̀ẹ́sì: "My father has come. They are eating." Olùkọ́ á fa igi lé e, torí ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá, "he" ló sì yẹ ẹ́. "You" sì rèé, ọba ni o, ọmọ ọwọ́ ni o, èrò ọjà ni o, òun náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún gbogbo wọn. Ọmọ tó bá pe olùkọ́ ní "you" kò rí i fín. "Sir" àti "ma" tí à ń fi kún gbogbo gbólóhùn, ọ̀wọ̀ tiwa la fi wọ Gẹ̀ẹ́sì láṣọ.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rí. Àgbà àti kékeré làwa ń yà sọ́tọ̀. Ọkùnrin àti obìnrin ni Gẹ̀ẹ́sì ń yà, ó ń pè wọ́n ní "brother" àti "sister". Bí ọmọ bá fẹ́ sọ pé obìnrin ni ẹ̀gbọ́n òun, "elder sister" ni yóò wí.

Lẹ́tà s

Ewúrẹ́ kan, ewúrẹ́ mẹ́wàá: ewúrẹ́ kò yí padà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "one goat" ni, àmọ́ "ten goats". Àwọn kan ń gba ju s lọ: "box" di "boxes", "baby" di "babies", "knife" di "knives". Àwọn alágídí náà wà: "child" di "children", "foot" di "feet", "man" di "men". "Sheep" kò yí padà rárá, àfi bíi pé Yorùbá ni. Ohun tí a kì í kà ní oókan, bí omi, iyọ̀ àti ìrẹsì, kì í gba s.

Ibi tó ń da orí ọmọ rú jù rèé. Lára ọ̀rọ̀-orúkọ, s ń sọ pé wọ́n pọ̀. Lára ọ̀rọ̀-ìṣe, s yìí kan náà ń sọ pé ẹyọ kan ni. "The boy runs." "The boys run." Ẹ wò ó dáadáa: ibì kan ṣoṣo ni s jókòó sí nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bó bá wà lára "boys", kò sí lára "run". Ọmọ tó bá lóye èyí á kúrò nínú "The boys runs" kíákíá. "I" àti "you" kì í fún ọ̀rọ̀-ìṣe ní s ní tiwọn: "I run," "you run." Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ déédéé là ń wí o. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ àná, s yìí kò sí mọ́.

Àná àti òní

"Mo ń lọ sọ́jà." "Mo lọ sọ́jà lánàá." "Mo máa lọ lọ́la." Lọ kò kúrò ní lọ. Gẹ̀ẹ́sì ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ padà: "go" lónìí, "went" lánàá. Àwọn tó rọrùn ń gba "ed": "wash" di "washed", "cook" di "cooked". Àwọn tí à ń lò jù lójoojúmọ́ ló máa ń ṣorí kunkun: "eat" di "ate", "buy" di "bought", "sell" di "sold", "come" di "came". Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí ọmọ há wọn sórí. Èmi kò fẹ́ràn kó máa kà wọ́n bí orin lásán. Ẹ ní kó sọ ohun tó ṣe lónìí fún yín lálẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu rẹ̀ á bá àwọn ọ̀rọ̀ náà mu nínú ìtàn ara rẹ̀.

Bí "did" bá ti wọ gbólóhùn, òun ló ti sọ ìgbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe á padà sípò: "Did you eat?" Kì í ṣe "Did you ate?"

Ọ̀rọ̀ kan tó di méjì

Bírò tán lọ́wọ́ ọmọ, ó ní "Borrow me your biro." Yá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó ń gbà á yá àti ẹni tó ń yáni, yá kan náà là ń lò fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì pín wọn: ẹni tó ń gbà ni "borrow", ẹni tó ń fún ni ni "lend". "Lend me your biro" ló yẹ kó sọ. Irú rẹ̀ ni kọ́, tó jẹ́ "learn" fún akẹ́kọ̀ọ́, "teach" fún olùkọ́. Ọwọ́ wa náà ń kó "hand" àti "arm" pọ̀, ẹsẹ̀ ń kó "foot" àti "leg". A ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, ṣùgbọ́n "smell" ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún òórùn, ariwo ni ti "hear".

Ní ti pípe ọ̀rọ̀, lẹ́tà márùn-ún ló wà nínú a-bí-sí-dí Gẹ̀ẹ́sì tí kò sí nínú tiwa: c, q, v, x àti z. Nítorí náà ni "van" fi ń di "fan" lẹ́nu ọmọ, tí "zoo" ń di "soo". Ẹ jẹ́ kó fi eyín kan ètè ìsàlẹ̀ kí ọ̀fun rẹ̀ sì máa gbọ̀n. V á jáde.

Ṣé ká pa Yorùbá tì nílé?

Àwọn òbí kan ti ka Yorùbá léèwọ̀ nílé kí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ lè dán. Mo rò pé wọ́n ń ṣe ara wọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n lò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ìdánrawò

Ẹ̀yin àti ọmọ yín, ẹ jọ sọ àwọn wọ̀nyí ní Gẹ̀ẹ́sì: "Ìyá mi ń se ọbẹ̀, wọ́n wà ní ilé ìdáná." "Adé ra àgùntàn mẹ́ta lánàá." "Àbúrò mi obìnrin máa ń fọ abọ́." "Yá mi ní ìwé rẹ." Kí ẹ tó dáhùn, ẹ kọ́kọ́ wá "wọ́n" inú èkíní: ṣé èèyàn púpọ̀ ni, àbí ọ̀wọ̀?