Ẹ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Délẹ̀ Kí Ẹ Tó Fèsì



Òfin Kẹjọ kọ́ wa pé kí a má ṣe jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí kò bá ti purọ́ ti pa òfin yìí mọ́. Ṣùgbọ́n a lè sọ òtítọ́ kí ọ̀rọ̀ wa sì dá ìjà sílẹ̀, yálà nítorí pé kò yé ẹni tí ń gbọ́, tàbí nítorí pé àwa fúnra wa kò gbọ́ ohun tí ẹnìkejì wí kí a tó dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ òní fi dá lórí bí a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ilé, lóko, ní ọjà àti lẹ́nu iṣẹ́.

1. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ní ààbọ̀

Ọ̀nà ńlá tí ó ti Savalou wá, tí ó sì kọjá lọ sí Bassila àti Djougou, gba Bantè kọjá. Lójú ọ̀nà yìí ni àwa tí a ń sọ èdè Itcha ti ń pàdé àwọn Mahi, àwọn Fọ̀n, àwọn Fúlàní darandaran àti àwọn tí ń sọ Faransé. Ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà lè má gbọ́ èdè ara wọn tán. Àní èdè kan náà pàápàá lè tan ni jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á fi òwò kájú ṣe àpẹẹrẹ. Àgbẹ̀ kan kó kájú fún oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà ní, “Bí ọjà bá ti dé, n óò san owó yín.” Àgbẹ̀ rò pé ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ ni. Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹnìkejì ni ìgbà tí ẹrù bá gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì ń dun àgbẹ̀, ó pe oníbàárà ní olè lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ òwò ọdún púpọ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo, “Ọjọ́ wo ni?”, ni ì bá ti gbà wọ́n là. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

2. Ohun tí Ìjọ fi kọ́ wa

Katikísímù ti Ìjọ Kátólíìkì, tí Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì fi lélẹ̀ ní ọdún 1992, sọ̀rọ̀ lórí èyí ní ìpínrọ̀ 2477 àti 2478. Ó ka ẹni tí ó gba ibi gbọ́ nípa ọmọnìkejì rẹ̀ láìsí ẹ̀rí tí ó tó mọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀. Ó tún kọ́ wa pé kí a máa fi ìtumọ̀ rere gba ọ̀rọ̀ ẹnìkejì níwọ̀n bí a ti lè ṣe é, àti pé bí a kò bá rí i gbà bẹ́ẹ̀, kí a bi í léèrè bí òun ti lóye rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ìbéèrè ṣáájú ìdájọ́. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

3. Àpẹẹrẹ láti orílẹ̀-èdè wa

Ní ọdún 1989, iṣẹ́ ìjọba fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kò rí owó oṣù gbà, àwọn báńkì wó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ sì daṣẹ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 19 títí di ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990, àwọn aṣojú tí ó tó bí 500 pàdé ní Kútọnu fún Àpérò Orílẹ̀-èdè. Mọnsẹ́ńyọ̀ Isidore de Souza ni ó ṣe alága wọn. Ọ̀rọ̀ gbóná níbẹ̀, pàápàá nígbà tí àpérò náà kéde pé ìpinnu òun ni yóò borí. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ìbọn ni yóò fèsì. Ṣùgbọ́n Ààrẹ Mathieu Kérékou gba ìpinnu náà, a dìbò ní ọdún 1991, ó fìdí rẹmi, ó sì gbé ìjọba fún Nicéphore Soglo. Bí àwọn tí ó bínú sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ bá lè jókòó ọjọ́ mẹ́wàá láti gbọ́ ara wọn, kí ni ó dé tí tọkọtaya kò lè fi wákàtí kan gbọ́ ara wọn?

4. Bí a óò ti ṣe é

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sọ ọ́ tán. Ẹni tí ń wá èsì nígbà tí ẹnìkejì ṣì ń sọ̀rọ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ tún ohun tí ẹ gbọ́ sọ: “Ṣé ohun tí ẹ ń wí ni pé...?” Ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ aṣọ rírán lè máa wí pé “bẹ́ẹ̀ ni” nítorí ìbẹ̀rù ọ̀gá, kí ó sì gé aṣọ oníbàárà bàjẹ́. Kò sí àrífín nínú kí ó kúnlẹ̀, kí ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, kò tíì yé mi dáadáa.” Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọmọ tí ó béèrè.

Ẹ dárúkọ ọjọ́, iye àti ibi. “Láìpẹ́” kì í ṣe ọjọ́.

Ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe sọ ẹni di ohun tí kò jẹ́. “Owó náà kò tíì pé” yàtọ̀ sí “olè ni ọ́”.

Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ yín, Olúwa wa ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá òun nìkan. Ẹ má ṣe fi ohùn ìbínú ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí a kò rán an sí lè gbọ́ ọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Ta ni ẹ ti dá lẹ́jọ́ láìtíì bi í léèrè? Nínú ilé yín, ta ni kì í rí àyè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán?

Ìpinnu fún ọ̀sẹ̀ yìí

Ẹ yan ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ yín kò yé ara yín mọ́. Ẹ lọ bá a, ẹ béèrè ohun tí ó ní lọ́kàn, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò.