Ta Ló Láṣẹ Láti Ta Ẹran Ìgbẹ́?

Ẹni tó bá ti dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ rí á rántí bí wọ́n ṣe ń pàtẹ ẹran ìgbẹ́ síbẹ̀: ọ̀yà tí wọ́n ti fi iná sun irun ara rẹ̀, òkété gbígbẹ, ẹtu tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Ọlọ́jà ń san owó ilẹ̀, wọ́n sì ń já ìwé fún un. Ìwé owó ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ìwé àṣẹ láti ta ẹran ìgbẹ́ o. Ìwé àṣẹ tí òfin ń sọ yàtọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ náà lè rí ara rẹ̀ níwájú adájọ́ nítorí akíkà kan ṣoṣo nínú agbọ̀n.

Òfin tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà ni òfin àpapọ̀ ti 1985 lórí àwọn ẹranko tó wà nínú ewu àkúrun. Àkọlé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ òwò láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ ló ti máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Wọ́n á ní, “Ṣebí ti àwọn tó ń kó eyín erin lọ sí òkèèrè nìyẹn?” Rárá. Ẹ wo abala kìíní. Ó ní ẹranko inú àtẹ kìíní jẹ́ èèwọ̀ pátápátá: ẹ ò gbọdọ̀ dọdẹ rẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ mú un, ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣòwò. Kò sí ìwé àṣẹ tó lè sọ ọ́ di ohun títà lọ́jà. Ti inú àtẹ kejì ló ní ìwé àṣẹ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á, mú un tàbí tà á, àfi tó bá ní ìwé àṣẹ tí wọ́n fún un lábẹ́ òfin yìí.

Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyẹn. Òfin kò dá ọdẹ nìkan dá ọ̀rọ̀. Ó ka títà mọ́ pípa, ẹni tó ń tà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí ìyá kan bá wí pé ọdẹ tí òun ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwé, a ò lè fi ìyẹn dáhùn ohun tí abala kìíní ń béèrè lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Owó ìtanràn ńkọ́? Ní 1985, ₦1,000 ni fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀ lórí ẹranko inú àtẹ kìíní. Ní 2016, àtúnṣe òfin sọ ọ́ di ₦5,000,000. Mélòó nínú àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì ló gbọ́ pé owó náà ti yí padà?

Àdéhùn CITES, tí Nàìjíríà ti wọ̀ láti 1974, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ́ mọ́ òfin yìí. Ẹnubodè ni iṣẹ́ CITES: ohun tó ń jáde àti ohun tó ń wọlé. Ní 2016, ìpàdé rẹ̀ gbé gbogbo oríṣi akíkà mẹ́jọ tó wà láyé sínú àtẹ rẹ̀ kìíní. Awọ́nríwọ́n odò àti erè wà nínú àtẹ kejì rẹ̀, ìyẹn ni pé a lè fi wọ́n ṣòwò kọjá ẹnubodè bí ìwé bá pé. Ọ̀yà àti òkété kò sí nínú àtẹ CITES kankan.

Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé ọ̀yà kò ní òfin. Ọ̀rọ̀ ọdẹ àti igbó ìjọba wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, nítorí náà òfin Ògùn lè má bá ti Ọ̀yọ́ mu. Ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, bí èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, tún ní òfin tirẹ̀. Ọdẹ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Ìbéèrè tó tọ́ láti bi ọlọ́jà ni pé ẹran wo ni, àti pé igbó wo ló ti wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka wa gan-an nìyí. Gẹ̀ẹ́sì àti Látìnì ni wọ́n fi kọ orúkọ ẹranko sínú àwọn àtẹ náà. Tí ọlọ́jà bá sọ pé “ẹtu”, èwo nínú wọn? Ẹtu kékeré tí gbogbo wa mọ̀ kò sí lórí àtẹ CITES, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ ńlá tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú wà nínú àtẹ kejì. Bí wọ́n bá ti gé e, tí wọ́n yan án, tí èéfín ti sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú, ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Akíkà náà ní orúkọ mìíràn láti ìlú dé ìlú. Lójú tèmi, kò tọ́ kí a fi òfin tí a kò túmọ̀ mú ẹni tí kò lè kà á. Àtẹ orúkọ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka èdè rẹ̀ àti àwòrán ẹranko kọ̀ọ̀kan, jẹ́ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó tó akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin ṣe. Àwọn ọdẹ ni yóò jẹ́ olùkọ́ rẹ̀.

Nǹkan kan tún kù tí òfin 1985 kò fọwọ́ kàn. Ẹranko ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Dókítà ẹran gbọ́dọ̀ yẹ màlúù wò kí wọ́n tó pa á àti lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Ẹran ìgbẹ́ kì í gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni a ò mọ̀ bóyá ìbọn ló pa á, pàkúté ni, tàbí májèlé. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje 2014, ẹ̀rù mú káwọn oníbàárà sá fún ẹran ìgbẹ́, ọlọ́jà kò sì ní ìwé kankan tó lè fi hàn pé ẹran tòun dára.

Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1831 ni òfin wọn ti ní kí ẹni tó ń ta ẹran ìgbẹ́ gba ìwé àṣẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2007, wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ náà ní England àti Wales. Ohun tí wọ́n gbájú mọ́ báyìí ni ìmọ́tótó ẹran. Ọdẹ lè ta ìwọ̀nba díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran gbọ́dọ̀ gba ilé iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí kọjá, kí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kò ní kí ẹ di ọ̀yà gbígbẹ sínú báàgì láti Èkó. Ẹran láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ Bìrìtìkó nínú ẹrù arìnrìn-àjò, ìbáà jẹ́ ègé kan.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti ń sin ọ̀yà sínú ilé báyìí. Ọlọ́jà tó bá ra irú èyí ṣe dáadáa tó bá gba ìwé tó fi ibi tí ẹran ti wá hàn lọ́wọ́ àgbẹ̀, nítorí pé lórí àtẹ, ọ̀yà ilé àti ọ̀yà igbó kò yàtọ̀ síra lẹ́yìn tí iná bá ti sun irun wọn.