Ta Ló Ni Fáìlì Yẹn?

Níbi ìdágbére ọmọkùnrin kan tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ ni mo wà tí wọ́n ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá: kí ọ̀gá tó gbójú sókè, ó ti kọ àdéhùn, ó ti fi líǹkì ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, oníbàárà béèrè àdéhùn, líǹkì ò ṣí mọ́.

Èmi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń fún èèyàn láyè láti kà tàbí láti ṣàtúnṣe. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí ẹ ń fò ni mo bi yín: kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ibo lẹ ti ṣí fáìlì náà? Pípín líǹkì ò sọ ọ́ di ti ilé iṣẹ́. Ní Google Drive, ẹni tó ṣí i nínú My Drive, àyè tara rẹ̀, ló ni ín. Láti 2017 ni Google ti gbé Team Drives jáde, èyí tí wọ́n wá ń pè ní shared drives. Ohun tó bá wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ló ni ín, ẹni tó kọ ọ́ ì báà lọ.

Rẹ́jísírì ìjọba kan ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi kì í rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti wọ fáìlì tirẹ̀, ó ti gba nọ́ńbà bírò pupa. Ẹni tó bá tì í bọ dúrọ́ọ̀ ara rẹ̀ á gbọ́ èébú dé ìran bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé òṣìṣẹ́ kan lọ sí Ṣakí lójijì, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ sì bá a lọ. Fáìlì ilẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ṣe la ń kiri ọ́fíìsì, tí à ń tọrọ ẹ̀dà lẹ́tà láti fi ṣí fáìlì mìíràn. Ìgbà yẹn dùn, ẹ má bínú, àárẹ̀ rẹ̀ náà wà.

Dúrọ́ọ̀ ni My Drive yẹn. Ibo lẹ ti ṣí fáìlì náà? Alábòójútó àkáǹtì Google ilé iṣẹ́ lè dá àkáǹtì tí wọ́n pa rẹ́ padà láàárín ọjọ́ 20. Nígbà tí àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ọmọkùnrin yẹn fi máa rántí, ọjọ́ ti kọjá. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń sọ pé ọmọ yẹn yára!

Ẹ ṣí My Drive yín lónìí. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti iṣẹ́, ẹ gbé e lọ sí shared drive. Bí kò bá gbà, ẹ pe alábòójútó, kó tó di pé ẹ kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀.